Orí Tí Ó Bá Ni Ré Òkun

Ní ìlú Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, àti pàápàá ní àdúgbò Ìsìkàn, níbi tí ìròyìn ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń yá létí wa ju ìròyìn ẹni tí ó wà ní Ìdànrè lọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdájọ́ àwọn ọmọ tí ó ti sọdá òkun. Bí ọmọ náà bá kọ́lé, tí ó ra mọ́tò, tí ó sì ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, wọn a ní orí rẹ̀ gbé e. Bí ó bá sì di ọdún gbọọrọ tí a kò gbúròó rẹ̀, tàbí tí ó ti ọ̀hún dé lọ́wọ́ òfo, wọn a mirí, wọn a ní orí rẹ̀ kò bá a dé ibẹ̀. Ìdájọ́ yìí yá lẹ́nu, kò sì ná ẹni tí ń dá a ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ẹ̀sìn àti ojú làákàyè wò ó, yálà ẹ̀sìn àbáláyé ni o, tàbí ti Kristi, tàbí ti Ìsìláàmù, a ó rí i pé ó gbé ìbéèrè ńlá kan dání tí a kò tíì jókòó dáhùn: nígbà tí ọmọ Yorùbá bá kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, tí ó lọ ń fi òógùn ojú wá ibùgbé láàárín àwọn òyìnbó, tí ojú rẹ̀ sì rí màbo níbẹ̀, ta ni ó fi ìyà jẹ ẹ́: orí rẹ̀ ni, Ọlọ́run ni, àbí ènìyàn ẹlẹ́ran ara?

Àwọn baba wa ti ronú lórí ìrìn-àjò òkun kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé. Ìtàn kan wà nínú odù Ògúndá Méjì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbà lẹ́nu àwọn babaláwo tí ó sì tẹ̀ sínú ìwé, níbi tí a ti bi àwọn òrìṣà léèrè pé èwo nínú wọn ni ó lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn-àjò jíjìn dé òkè òkun láì yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jáde, ó fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n pé bí wọ́n bá dé ìlú baba wọn lójú ọ̀nà, tí a gbé oúnjẹ àyànfẹ́ wọn kalẹ̀ ńkọ́, olúkúlùkù jẹ́wọ́ pé bí òun bá yó tán, ilé ni òun óò yà sí. Ṣàngó kò kọjá Kòso, Ọya kò kọjá Irá, Òòṣàálá kò kọjá Ìfọ́n. Orí nìkan ṣoṣo ni wọ́n rí pé kì í padà lẹ́yìn olórí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wí pé orí ọmọ kan kò bá a dé ọ̀hún ń ta ko àwọn àgbà tí ó ní òun ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Orí kì í jókòó sí Ìsìkàn kí olórí máa dá rìn kiri ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀nà kejì tí àwọn ènìyàn ń gbà bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yìí jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní lóòótọ́ ni orí bá a lọ, ṣùgbọ́n irú orí tí ó yàn ni kò dára. Wọn a rán wa létí Àjàlá alámọ̀, ajígbèsè tí ń mọ orí ní ìsálọ̀run, àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta nì, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, bí àwọn méjì ìṣáájú ti ṣe sáré gbé orí láìbi ẹnikẹ́ni, tí òjò sì fọ́ ọ mọ́ wọn lọ́rùn lójú ọ̀nà ayé, tí ẹni kẹta sì rí orí rere gbé nítorí pé ó ti rúbọ. Ìtàn náà dùn, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi í dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́ gbàgbé pé àwọn babaláwo yẹn kan náà ni wọ́n tún sọ ti Ẹsẹ̀, bí gbogbo orí ti ṣe péjọ láìpè é sí ìpàdé, tí gbogbo ìmọ̀ràn wọn sì forí ṣánpọ́n. Orí ní ipa tirẹ̀, ẹsẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Èmi wá ń béèrè ẹ̀kẹta tí a kì í fẹ́ dárúkọ: ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tí ó kọ òfin, ọwọ́ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ ẹni tí ó gbé kóńdó? Onífá á ní àyànmọ́ ni, Mùsùlùmí á ní kádàrá ni, Onígbàgbọ́ á ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohun mìíràn á sì fohùn ṣọ̀kan níhìn-ín láti tú ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀. Bí olè bá wú iṣu àgbẹ̀ lóru, tí ilẹ̀ mọ́, tí àgbẹ̀ náà sì ń fẹjọ́ sun ebè, olè yóò tún padà wá.

A fẹ́ràn láti máa fi Ajàyí Crowther ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù. A mú un lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní etí òkun Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1864, nínú kàtídírà ìlú Canterbury, a gbọ́wọ́ lé ẹni tí ó ti ṣẹrú yìí lórí, ó di bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò bẹ́ẹ̀. N kò bá oníwàásù jiyàn pé orí Ajàyí dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀, tí a lọ tà ní Bàhíà àti ní Kúbà, orí tiwọn náà ni wọ́n gbé dání, a kò sì rí ẹni tí ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fẹ́ fi ẹnì kan tí ó là yin Ọlọ́run, ó yẹ kí a ní èsì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò là. Bí a kò bá sì ní èsì, ó yẹ kí a rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, nígbà tí ó di arúgbó kùjọ́kùjọ́, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ó tó bí lọ́mọ ni wọ́n já àṣẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìjọ ní agbègbè odò Ọya ní 1890. Ọdún kejì rẹ̀ ni ó kú. Àbí orí rere máa ń yí padà di burúkú ní ọjọ́ alẹ́ ni?

Ladípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta kò bá orí jà. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì rí i pé bí owó ilé tilẹ̀ kún ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀, onílé a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ní 1925, òun àti Bankole-Bright ará Sàró dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Nígbà tí ó di 1929, ó wálé, ó ń ti ìlú dé ìlú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tọrọ owó títí di 1932, ní 1933 sì ni ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìbùwọ̀ tiwọn ní Camden. Ó mọ̀ pé onílé ni ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ wá ilé mìíràn; ìyẹn náà ni mo pè ní ẹ̀sìn tí ó lójú.

Ṣùgbọ́n ti Dáfídì Olúwálé ni ó máa ń mú mi dákẹ́. Èkó ni a bí i sí ní 1930. Ní 1949, ó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; bí wọ́n ti rí i, wọ́n gbé e lọ ẹ̀wọ̀n ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ní Leeds, ní ibẹ̀ náà ni ó sì tẹ̀dó sí nígbà tí ó jáde, tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó bá rí. Ní 1953, lẹ́yìn gbólóhùn asọ̀ òun àti àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sọ ọ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, ó sì lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ìgbà tí ó jáde, kò rí ilé gbé, ó di ẹni tí ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́pàá méjì, ọ̀gá ni wọ́n nínú iṣẹ́ wọn, sọ ọ́ di ohun ìṣeré òru: wọn a lù ú, wọn a gbé e lọ jù sí ẹ̀yìn ìlú. Nínú ìwé ẹ̀sùn, níbi tí ó yẹ kí a kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí, orúkọ èébú tí òyìnbó fi ń pe adúláwọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1969, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó tú àṣírí. Ilé-ẹjọ́ jókòó ní 1971, wọ́n dá àwọn ọlọ́pàá méjèèjì lẹ́bi lílù tí wọ́n lù ú, wọ́n sì sọ wọ́n sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n adájọ́ kò jẹ́ kí ẹ̀bi ikú rẹ̀ já lé wọn lórí. Lónìí afárá kan wà ní Leeds tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2023. Ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, wọ́n kan àwo ìrántí kan mọ́ ara afárá mìíràn fún un, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí olè fi yọ ọ́ lọ.

Bí ẹnì kan bá wí lójú mi pé orí Olúwálé ni ó tì í sódò, n óò bi í bóyá orí ni ó wọ aṣọ ọlọ́pàá. Síbẹ̀ ìbéèrè kan kù tí n kò lè fi àwàdà bò mọ́lẹ̀: bí orí kì í bá padà lẹ́yìn ẹni, níbo ni orí ọkùnrin yìí wà ní òru ọjọ́ náà? Èsì tí mo lè fi ọkàn mi tì ni pé ó wà níbẹ̀. Ẹ tún ìtàn Ògúndá Méjì wò dáadáa: ohun tí a bi àwọn òrìṣà ni ta ni yóò bá ni dé ibẹ̀, a kò bi wọ́n pé ta ni kò ní jẹ́ kí ewu wà lọ́nà. Dáfídì onísáàmù pẹ̀lú kò sọ pé òun kò ní gba àfonífojì ikú kọjá; ohun tí ó fi ọkàn balẹ̀ sí ni pé òun kò ní dá nìkan wà níbẹ̀. Alábàárìn ni Orí, kì í ṣe oníbodè, kò sì sí nínú ẹ̀sìn wa kankan ibi tí a ti wí pé kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ oníkóńdó bi alábàárìn.

Láyé àwọn baba wa, owó kòkó ni a fi ń rán ọmọ lọ: àgbẹ̀ Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó Èkìmọ̀gún á ta kòkó, ọmọ á lọ kọ́ òfin tàbí iṣẹ́ ìṣègùn, á sì padà wá di ẹni ńlá nílé. A kì í sọ ìyà tí wọ́n jẹ, bí tọkọtaya tí ń kàwé lọ́sàn-án tí ń ṣiṣẹ́ lóru ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World kí wọ́n lè rí ìdílé òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ jòjòló, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì dàgbà láì gbọ́ èdè ẹni tí ó bí wọn. Lónìí, ilẹ̀ ẹbí ni a ń tà. Iṣẹ́ kíà ni ọ̀pọ̀ lọ ṣe, èyíinì ni pé kí wọ́n máa wẹ̀ fún arúgbó kí wọ́n sì máa bọ́ ọ. Ní 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Nígbà tí ó di oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pátápátá mọ́ ẹni tí ó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Bí ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n bá bàjẹ́, ọgọ́ta ọjọ́ péré ni wọ́n sábà máa ń ní láti wá ọ̀gá mìíràn. Bí a bá wá ní orí ẹni tí ó gba físà ní oṣù Kejì 2024, tí ó kó ìdílé rẹ̀ dání, ni ó dára, tí orí ẹni tí ó gbà á ní oṣù Kẹrin sì burú, a jẹ́ pé Àjàlá ti kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwa náà mọ bí a ti ń lo irú ọwọ́ yìí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kẹ́rù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran sì fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ sá wálé. Ṣé orí gbogbo wọn ni ó bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà? Ní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà kúrò nílẹ̀ wa, a sì fi orúkọ wọn pe àpò tí wọ́n kó ẹrù sí, a rẹ́rìn-ín. Nítòsí ilé, àwọn Ẹ̀bìrà ti ro oko kòkó wa débi pé oko mìíràn kò mọ ẹsẹ̀ olóko mọ́, síbẹ̀ a ṣì ń pè wọ́n ní alágbàṣe lẹ́yìn ogójì ọdún. Asọdẹbóyèdé tí ó tẹ Àkúrẹ́ dó, Ifẹ̀ ni ó ti wá. Nígbà tí Ànábì sì kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní 622, àwọn ará Mẹ̀dínà ni wọ́n pín ilé àti oúnjẹ fún àwọn tí ó bá a dé. Ọwọ́ onílé ni ọ̀ràn àlejò máa ń wà.

Ọwọ́ kan kù tí mo fẹ́ dárúkọ, ọwọ́ tiwa tí a wà nílé ni. A ń ṣọ́ òru, a ń gbààwẹ̀ fún físà níhìn-ín. Àwọn ọmọ wa ń ṣọ́ òru, wọ́n ń gbààwẹ̀ fún pépà lọ́hùn-ún, nínú àwọn ìjọ tí wọ́n fúnra wọn dá sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Adélékè Adéjọbí ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1964. Ẹ̀rí tí a ń jẹ́ nínú ilé ìsìn ni ti ẹni tí físà rẹ̀ jáde. N kò tíì gbọ́ kí a pe ẹnikẹ́ni wá síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́ pé ó tiraka lọ́hùn-ún, nǹkan kò ṣe ẹnuure, ṣùgbọ́n ó padà wálé láàyè. Nítorí pé kò sí irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń bẹ lọ́hùn-ún tí ìlú ti sú, tí ara kò gbé òtútù mọ́, ṣùgbọ́n tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n bọ̀, wọ́n ń yáwó ránṣẹ́ sílé kí a má baà sọ pé orí wọn kò dára.

Ìrora tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti òkú sísin. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Baba ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kú nílé; bí ọmọ náà bá wá sin ín, wọn kò ní jẹ́ kí ó padà wọ ìlú tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà. Ó fi owó pósí ránṣẹ́, ó fi owó màlúù ránṣẹ́, ó sì fi fóònù wo bí a ti ń bu yèèpẹ̀ sí i, tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń bá a di fóònù mú ní etí ibojì. Bí ó bá sì ṣe tán, a gbé aṣọ kíà wọ̀, a lọ wẹ̀ fún baba onílùú. Àwọn kan nínú ẹbí á ní kò sin baba rẹ̀, owó rẹ̀ ni ó sin ín. Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì gbà pé irọ́ ni wọ́n pa. Bí ó bá jẹ́ pé Orí ni ó ń bá ni dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé, tí Orí kì í sì í fi olórí sílẹ̀, ibi tí ọmọ náà dúró sí tí ó ń sunkún ní yàrá ilé onílé, ibẹ̀ ni etí ibojì baba rẹ̀. Ó sin baba rẹ̀. Baba náà bímọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹbí ní Ìsìkàn, ní gbogbo Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ẹ̀yin àlúfáà, ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin babaláwo, mo bẹ̀ yín: bí ọmọ yín bá pè lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wálé, òun kò sì ní nǹkan lọ́wọ́, ẹ má dá Ifá sí i, ẹ má ríran sí i, ẹ má sì bi í ní ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́. Ẹ ní kí ó máa bọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó bá kọ́kọ́ dé, ẹ pè é wá síwájú kí a bá a dúpẹ́.